Aṣọ Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ti mọ A, B, D. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín. Ẹ ti lè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara ọkọ̀ èrò. Lónìí, a fẹ́ ka ohun kan tí kò ní lẹ́tà kankan lára, síbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀. Ohun náà ni aṣọ.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa ti ń ka aṣọ. Bí ènìyàn bá wọ àárín àwùjọ, wọn a wo ohun tí ó wọ̀, wọn a sì mọ̀ bóyá olóyè ni, bóyá opó ni, bóyá olórìṣà ni, bóyá ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

1. Àpótí ìyá àgbà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan wà ní kíláàsì wa ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àpò ọ̀rá kan wá sí kíláàsì, ó sì tú u. Aṣọ àtijọ́ kan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà. Etí rẹ̀ kan ti ń já.

Ìyá náà ní, "Tíṣà, ìyá mi ni ó ni ín. Àpótí rẹ̀ ni a ń tú lẹ́yìn ìsìnkú. Àwọn ọmọ mi ní àkísà ni. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí a máa fi nu ilẹ̀. Ẹnì kan tí ó ń ra aṣọ àtijọ́ kiri ti dá owó lé e, owó náà kò ra iṣu mẹ́ta. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Aṣọ wo nìyí?"

A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún. A ti ṣe hẹdimásítà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò, a ti kọ́ wọn ní ìtàn. Ṣùgbọ́n a kò mọ aṣọ náà. A ní, "Màmá, ẹ má bínú, a kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá kan wà tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn. Ahunṣọ ni nígbà èwe rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́tà "gb" ni ó ń dà á láàmú. Bàbá yìí dìde, ó fi ìka méjì ra aṣọ náà, ó sì pariwo: "Háà! Ẹ má tà á o! Sányán ni. Sányán gidi ni. Ta ni ó fún ìyá yín?"

Ìyá náà dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gbọ́ pé aṣọ kan wà tí bàbá mi fi fẹ́ ìyá mi. N kò mọ̀ pé òun nìyí." Omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

A kò ka ìwé mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá tí kò tíì mọ "gb" pè ni ó di olùkọ́ wa. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí a wádìí lẹ́yìn náà, ni a fẹ́ sọ fún yín.

2. Orúkọ àwọn aṣọ

Aṣọ òkè ni a tún ń pè ní aṣọ òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń jáde láti orí òfì àwọn ọkùnrin. Ìbú rẹ̀ kò ju bí ínǹṣì mẹ́rin lọ. Wọn a rán ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi fẹ̀ tó ìró tàbí agbádá. Òfì tí àwọn obìnrin ń lò tẹ́lẹ̀ dúró ṣánṣán ni, aṣọ orí rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Níbẹ̀ ni kíjìpá ti ń wá, aṣọ tí ó nípọn, tí kì í tètè gbó. Títí di òní, ìlú Ìṣẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lókìkí púpọ̀ nínú iṣẹ́ aṣọ òfì.

Mẹ́ta ni àgbà nínú aṣọ òfì.

Èkíní ni sányán. Kòkòrò kan ń bẹ nínú igbó tí ó ń kọ́ ilé sí orí igi. Ilé kòkòrò yìí ni wọ́n ń sè pẹ̀lú omi eérú, kí ó lè rọ̀, kí wọ́n tó ran òwú láti ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà le, òwú náà kì í sì í pọ̀. Ìdí nìyí tí sányán fi wọ́n. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rí lónìí, òwú lásán tí a pa láró ni, kì í ṣe òwú kòkòrò.

Èkejì ni ẹtù. Aró ni wọ́n fi ń pa òwú rẹ̀. Wọn a rì í bọ inú ìkòkò aró ní ìgbà púpọ̀, títí yóò fi dúdú bí òru. Wọn a wá fi òwú funfun tín-ín-rín là á láàárín. Ó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Aṣọ àgbà ni.

Ẹ̀kẹta ni àlàárì, tí ó pupa. Òwú sẹ́dà tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá. Láti etí òkun àríwá Áfíríkà ni wọ́n ti ń fi ràkúnmí rù ú la aṣálẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ Hausa, kí àwọn oníṣòwò tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rí i pé ayé ti ń bá ara wọn ṣòwò tipẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé.

Àdìrẹ náà ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì hàn gbangba. Ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn obìnrin a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ funfun, wọn a sì rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìbàdàndùn. Òpó ilé Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà nínú rẹ̀. Òmíràn jáde ní ọdún 1935, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Ìtàn ni wọ́n kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sórí bébà.

3. Ìlẹ̀kẹ̀ àti adé ní Ilé-Ifẹ̀

Ní Ilé-Ifẹ̀, ìmúra kò parí síbi aṣọ nìkan. Ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní Ìta Yemòó. Wọ́n rí ère idẹ nínú ilẹ̀. Nínú wọn ni ère ọba kan àti olorì rẹ̀ wà, tí wọ́n so apá àti ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn. Ère wọ̀nyí ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ẹ wo ara wọn dáadáa: ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ ní ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀, aṣọ sì wà ní ìbàdí. Ẹni tí ó ṣe ère náà ti kú tipẹ́, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìlẹ̀kẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lónìí mọ̀ pé ọba ni.

Níbo ni wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan rò pé òyìnbó tàbí Lárúbáwá ni ó gbé gbogbo rẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1911 sí 1912 kọ́, ní ayé wa yìí ni, ní 2011 àti 2012, ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá (12,000). Ó tún rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe gíláàsì náà láti inú ohun tí ó wà ní àyíká wọn, kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ẹ̀yin èèyàn wa, ọgbọ́n ni àwọn baba wa fi ṣe é.

Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Ní ọdún 1903, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ ní Rẹ́mọ. Ọba kan, Ẹlẹ́pẹ́, fẹ́ máa dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Akárígbò ní kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú gómìnà Èkó, Sir William MacGregor. Gómìnà náà kò mọ èyí tí yóò ṣe, nítorí kò sí ìwé tí ó lè yẹ̀ wò. Ó ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn, Olúbùṣe Kìíní, láti Ilé-Ifẹ̀. Kàyéfì ńlá ni èyí jẹ́, nítorí Ọọ̀ni kì í jáde kúrò ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ìtàn sọ pé àwọn ọba mìíràn kúrò nínú ààfin wọn títí tí ó fi padà délé, láti bọ̀wọ̀ fún un. Ọọ̀ni ní Ẹlẹ́pẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí adé náà. Ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ rí i pé ohun tí a dé sórí lè di ẹjọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ nípa ẹni tí a jẹ́.

Ní ọdọọdún, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni a kọ́kọ́ wọ ilé lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í jáde sí gbangba, ó ń gbàdúrà fún ayé. Lẹ́yìn náà ni yóò dé adé Aàrẹ, adé tí a kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, yóò sì lọ sí Òkè Mògún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dúró lójú ọ̀nà rí, tí ẹ ń wo adé yẹn, tí ẹ ń gbàdúrà sí i. Kò sí ẹni tí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ara rẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo yín kà á.

4. Aṣọ àti ìgbàgbọ́

Olúkúlùkù ẹ̀sìn ní aṣọ tirẹ̀.

Àwọn olùsin Ọbàtálá, aṣọ funfun ni tiwọn, àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Oníṣàngó a máa lo pupa àti funfun. Babaláwo a so ìdè Ifá mọ́ ọrùn ọwọ́. Egúngún ńkọ́? Aṣọ ni gbogbo ara rẹ̀. Àwọn ẹbí a máa fi aṣọ kún un láti ìgbà dé ìgbà, tí aṣọ bàbá yóò fi wà lábẹ́ aṣọ ọmọ.

Mùsùlùmí tí ó bá lọ sí Mẹ́kà, bí ó jẹ́ ọkùnrin, a bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, a sì ró aṣọ funfun méjì tí a kò rán. Ọba wọ̀ ọ́, alágbàṣe wọ̀ ọ́, a kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ohun tí aṣọ náà ń sọ nìyẹn: níwájú Ọlọ́run, ọ̀kan náà ni wá.

Àwọn Aládùúrà náà ń wọ funfun. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, lábẹ́ Mose Orímọládé. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí a ń pè ní Sẹ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ní ọdún 1947, láti ọwọ́ Oshoffa. Bí wọ́n bá wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọlọ́bàtálá wọ funfun. Alálàájì wọ funfun. Aládùúrà wọ funfun. Ìyàwó tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọ funfun. Àwọn wọ̀nyí lè máa bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ìwà mímọ́, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wá.

5. Láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú

Nígbà tí a bí wa, aṣọ ni wọ́n fi gbà wá. Ọ̀já ni ìyá fi pọ̀n wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà ìsọmọlórúkọ, ìyá ọmọ a wọ aṣọ tí ó dára jùlọ nínú àpótí rẹ̀, nítorí pé ó re àjò, ó sì bọ̀.

Ọmọ náà dàgbà, ó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní yunifọ́ọ̀mù. Bí ó bá tẹ̀síwájú dé yunifásítì, bí irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962 tí a mọ̀ sí Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, yóò wọ gáùn ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. A ti rí ìyá tí kò mọ̀wé tí ó gba gáùn náà lára ọmọ rẹ̀, tí ó wọ̀ ọ́, tí ó sì ya fọ́tò. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Òun náà ni ó ni ín.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé, ẹbí ọkọ wọ tiwọn, ẹbí ìyàwó wọ tiwọn. Bí ó bá joyè, wọn a fi ewé akòko sí i lórí, wọn a sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Bí ọkọ bá kú, opó a bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Opó Mùsùlùmí a ṣe é fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbẹ̀yìn gbogbo wa sì ni aṣọ òkú. Mùsùlùmí ọkùnrin, aṣọ funfun mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń wé e, obìnrin, márùn-ún. Bí òkú bá jẹ́ ti arúgbó, àwọn ọmọ a ra aṣọ kan náà, wọn a jó. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀dọ́, a kì í ra aṣọ ẹbí. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ, tí ó rí i pé aṣọ kò bára mu, ti mọ̀ pé òkú ọ̀fọ̀ ni, yóò sì rọra rìn.

6. Aṣọ ẹbí àti gbèsè

Aṣọ ẹbí dára. Ó ń sọ pé, "Mi ò dá wà. Mo ní èèyàn." Àǹkóò tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ dá náà dára. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ kọjá agbára wa. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́, a máa gbé aṣọ wá. Bí a kò bá rà á, a di ọ̀tá.

A kò ní ṣe bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Àwa náà ti fi owó ìdánwò ọmọ ra aṣọ ẹbí rí. A wọ aṣọ náà ní ọjọ́ kan péré. Ọmọ náà fi ọdún kan gbáko jókòó sílé. Títí di òní, bí a bá rí aṣọ yẹn nínú àpótí, ohun tí ó ń sọ fún wa kò dùn mọ́ wa nínú.

Àwọn àgbà ní, ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Aṣọ tí a fi gbèsè rà, aṣọ àgbàwọ̀ ni. Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ mú bírò kí ẹ tó dáhùn pé ẹ ó rà á. Bí owó kò bá sí, ẹ wọ èyí tí ẹ ní, kí ẹ lọ kí olóde. Ẹsẹ̀ tí ó wá ni ẹ̀yẹ, kì í ṣe aṣọ nìkan.

7. Bébà kékeré

Kí ni ìyá elélùbọ́ ṣe sí sányán rẹ̀? Kò tà á. Ó ní kí a fún òun ní bébà. A fẹ́ bá a kọ ọ́, ó ní rárá, òun ni yóò kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi kọ ọ́. Ohun tí ó kọ nìyí:

"Sányán ni. Baba mi fi fe iya mi. E ma ta a."

A fi hàn án pé "fe" tí kò ní àmì nísàlẹ̀ kò lè jẹ́ "fẹ́". Ó fi bírò kan àmì náà sísàlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa tí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó fi abẹ́rẹ́ so bébà náà mọ́ igun aṣọ, ó sì dá a padà sínú àpótí. Bí òun náà bá lọ, ẹni tí ó bá ṣí àpótí yẹn yóò mọ̀ pé kì í ṣe àkísà.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ìtàn àkísà náà sílẹ̀, ọmọdé yóò fi nu ilẹ̀. Ẹ padà sílé lálẹ́ òní, kí ẹ ṣí àpótí. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà láyé léèrè. Kí ẹ sì kọ ọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni wọ́n fi ń ṣe òwú sányán gidi?
2. Báwo ni ẹtù ṣe gba orúkọ rẹ̀?
3. Kí ni Ọọ̀ni lọ ṣe ní Èkó ní ọdún 1903?
4. Aṣọ ìró kan fẹ̀ tó ínǹṣì méjìdínláàádọ́ta (48). Bí aṣọ òfì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin ní ìbú, mélòó ni wọ́n rán pọ̀?
5. Ká ní aṣọ ẹbí kan jẹ́ ₦20,000, gèlè ₦7,000, owó télọ̀ ₦8,000. Èló ni gbogbo rẹ̀? Bí a bá ra irú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, èló ni?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Mú aṣọ àtijọ́ kan nínú ilé rẹ. Kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀: orúkọ aṣọ náà, ẹni tí ó ni ín, àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́. Má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀. Mú un wá sí kíláàsì, kí o sì kà á sókè fún wa.